Ìbúra Àkọ́bí Rámọ́tù

Mùráínà kò mọ irọ́ í pa. Kì í ṣe pé ó mọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Irọ́ kò kàn gbé ẹnu rẹ̀ ni. Bí ó bá fẹ́ pa á, etí rẹ̀ á gbóná, ojú rẹ̀ á máa wá ilẹ̀, ọmọdé pàápàá á mọ̀. Rámọ́tù ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé bí olè bá wọlé, òun á kọ́kọ́ fi Mùráínà pamọ́ kí òun tó fi wúrà òun pamọ́.

Ohun tó gbé e dé Dubai nìyẹn.

Ọdún kẹrìnlá rèé. Iṣẹ́ mégáàdì ló ń ṣe nínú ilé alájà mẹ́rin kan ní Al Karama. Láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, orí àga lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń wà. Ó ń gba lẹ́tà. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń gbé omi wá. Ó ń kí àwọn ará Íńdíà tó ń lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì ń kí i padà. Bí ó bá ṣíwọ́, á wọ metro, á wọ bọ́ọ̀sì, á padà sí Al Nahda ní Sharjah, níbi tí òun àti ọkùnrin márùn-ún ti jọ ń gbé yàrá kan. Bedspace ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀dì kan, aṣọ tí wọ́n ta yí i ká, ìṣó mẹ́ta lára ògiri. Ó tó o.

Àárò ilé nìkan ló ń dà á láàmú. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí wọ́n bá da omi síwájú ilé ní Al Karama tí iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná sì fà á mu, òórùn kan á sọ jáde bí ti òjò àkọ́rọ̀ ní Òkè-Àgbọn, ìlú rẹ̀. Á dìde lórí àga. Á dúró títí òórùn náà á fi lọ. Kì í pẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ.

Ọdún kẹfà tó dé Dubai ni ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà, bí ẹ̀sìn ti wí. Mùráínà kò bá wọn débẹ̀. Kò tíì fojú kan sàréè náà dòní.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó wọ yàrá, ó bá Ṣẹ́gun lórí bẹ́ẹ̀dì, tó tẹjú mọ́ fóònù. Ṣẹ́gun ń ṣiṣẹ́ ní Deira, ó ń di ẹrù fún àwọn oníṣòwò tó ń kó ọjà lọ sí Èkó. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni oúnjẹ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ wá gbọ́. Kazeem Sùnmọ́nù ti wọ wàhálà."

Mùráínà jókòó, ó ń bọ́ bàtà. "Wàhálà wo?"

"Ẹni tó ń léwájú nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Alátùpà. Gómìnà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ayé ti gbà pé òun ni wọ́n máa fà kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ. Sùnmọ́nù ló ń jẹ́ bíi tiyín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn wa, ẹ bá sọ pé mọ̀lẹ́bí yín ni, ká lè kúrò nínú yàrá yìí."

Oyèkọ́lá, tó ń wa takisí, rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ tirẹ̀. "Mọ̀lẹ́bí gómìnà. Kí gómìnà kọ́kọ́ ra bàtà fún Bàbá ná."

"Wàhálà wo?" ni Mùráínà tún wí.

"Ìyá arúgbó kan ní ìlú wọn ló sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ìyá Ọmọ́ṣadé ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun àti ìyá Kazeem jọ gbé ní Abidjan láyé àtijọ́. Ó ní ọmọ tí obìnrin yẹn bí lọ́hùn-ún kú, ojú òun ni wọ́n ṣe sin ín. Ó ní, ta wá ni èyí tó pọ̀n wálé? Àwọn alátakò ti gbé e. Òfin ní ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ bíbí Nàìjíríà kò lè jẹ Ààrẹ. Àwọn aṣojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń wo ọ̀nà ibòmíràn."

"Kí ni Kazeem sọ?"

"Ó ní irọ́ ni. Ó ní àkọ́bí ìyá òun wà láyé, yóò wá búra níwájú gbogbo ìlú."

Mùráínà gbé ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ ìṣó. Ẹ̀wù náà jábọ́. Ó tún un kọ́.

Òótọ́ ni Ìyá Ọmọ́ṣadé sọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Mùráínà nígbà náà. Àdúgbò Treichville ni wọ́n ń gbé ní Abidjan, bàbá rẹ̀ ń ta abọ́. Rámọ́tù bí ọmọkùnrin, ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ni obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn rọbí. Awa lorúkọ rẹ̀, ará ilẹ̀ Mosi ni, láti ibi tí wọ́n ń pè ní Burkina Faso báyìí. Ọkọ rẹ̀ ará ilẹ̀ kan náà ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ, kò padà. Awa bí ọmọkùnrin. Kílẹ̀ tó mọ́, òun náà ti kú. Ọmú Rámọ́tù kún, ó ń ta á. Wọ́n gbé ọmọ náà fún un kó bá wọn fún un lọ́mú di ọ̀sán. Kò gbé e kalẹ̀ mọ́. Ó sọ ọ́ ní Kazeem.

Ọdún kejì ni wọ́n kó wálé. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin, ọmọ rẹ̀ ni.

Ọdún gorí ọdún. Bàbá kú. Kazeem kàwé, ó ṣòwò, ó wọ òṣèlú. Nígbà tó fẹ́ du ipò gómìnà, Rámọ́tù pe Mùráínà wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Wọ́n á bi ọ́," ni ìyá wí. "O ò sì mọ irọ́ í pa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Mi ò fẹ́ kí Kazeem gbọ́. Mi ò fẹ́ kí ayé gbọ́. Kó má di ọjọ́ kan tí wọ́n á wo ọmọ mi bí àlejò."

"Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Nígbà náà, lọ síbi tí wọn ò ti ní bi ọ́."

Oṣù kejì, ó ti wà ní Al Nahda. Ìlú ní ìlara ló lé e lọ, pé ojú rẹ̀ kò gba kí àbúrò jókòó lórí àga kí òun ẹ̀gbọ́n dúró nílẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n wí. Kazeem fẹ́ máa ránṣẹ́ sí i, ó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ fà á wálé, ó ní iṣẹ́ kò tíì tán.

Ní ọjọ́ Ajé, fóònù rẹ̀ dún lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti wà ní Dubai. Mo fẹ́ rán ọkọ̀ wá gbé yín."

"Aago méjì ni mo ń ṣíwọ́."

"Mo máa bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀."

"Aago méjì, Kazeem."

Kò tíì tó aago méjì tí ọkọ̀ dúdú kan fi dúró síwájú ilé. Kazeem sọ̀kalẹ̀. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti funfun. Obìnrin kan tó gbé àpò ìwé tẹ̀ lé e. Kazeem wo ọkùnrin tó wà lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré nínú oòrùn. Ìyá ará Íńdíà kan tó ń ti inú ọjà bọ̀ dúró, ó ń wò wọ́n.

"Dìde. Wọ́n ń wò wá."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Ọdún mẹ́rìnlá ni mi ò tíì fojú kàn yín."

"Kọnkéré yẹn gbóná."

"Ó gbóná lóòótọ́," ni Kazeem wí, ó sì dìde kíá, ó ń gbọn ọwọ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ó fi obìnrin náà hàn án. Agbẹjọ́rò ni, Dúpẹ́olúwa Adéjàre. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i.

Nígbà tí aago méjì lù, wọ́n rìn lọ sí ilé oúnjẹ kékeré kan lẹ́yìn ilé náà, níbi tí Mùráínà ti máa ń jẹun. Wọ́n gbé tíì oníwàrà wá, àti paratha, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn ará Íńdíà, pẹ̀lú ẹyin. Kazeem jẹ méjì, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀kẹta wá.

"Ẹ ti gbẹ bí pańla," ni Kazeem wí.

"Ìwọ lo jẹ èyí tó yẹ kí n jẹ."

"Mo jẹ ẹ́. Láti kékeré ni. Ẹ rántí ẹran iléyá?"

"Mo rántí. Èmi ni wọ́n nà."

"Torí wọ́n bi yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ní ẹ mọ ẹni tó jẹ ẹ́ àmọ́ ẹ ò ní sọ. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹni?"

Mùráínà ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń ya búrẹ́dì náà. Ọwọ́ gígùn, ìka tínrín. Kò sí ẹni tó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé Sùnmọ́nù. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti ń rí ọwọ́ náà, ó sì ti ṣàárò rẹ̀.

Agbẹjọ́rò yọ ìwé kan síta. "Ẹ má bínú, sà. Àkókò ò dúró dè wá. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń bọ̀ ní Òkè-Àgbọn ní Ọjọ́bọ̀. Àgbàlá ọba ni wọ́n máa jókòó sí. Ẹ ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ẹ ó sọ pé ìyá kan àti bàbá kan ló bí ẹ̀yin àti ọ̀gá wa. Gbólóhùn kan péré. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìdìbò abẹ́lé."

Mùráínà mọ àṣà náà. Ní Òkè-Àgbọn, bí iyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ọmọ, àkọ́bí ìyá ni wọ́n ń pè. Òun ló ti wà nílé kí ìyókù tó dé. Òun ló rí ikùn ìyá rẹ̀ nígbà tó yọ. Bí àkọ́bí bá búra, ẹjọ́ parí. Bí ó bá kọ̀, ẹjọ́ parí náà. Ìwé ilé ẹjọ́ kankan kò tó o.

"Wọ́n ní kí n lọ wá ìwé ìbí," ni Kazeem wí. "Àwọn àgbà ìlú wa ní kí n pa ìwé tì. Wọ́n ní Mùráínà làwọn fẹ́ rí. Wọ́n ní Mùráínà kì í purọ́."

Ó fa àga súnmọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kọ́ ilé fún yín. Ẹ má sọ pé ẹ ò fẹ́, mo ti kọ́ ọ tán. Ó kọjú sí ti Màámi. Bẹ́ ẹ bá ṣí fèrèsé yàrá yín, sàréè wọn lẹ máa rí. Mo gbin igi ọsàn síbẹ̀. Ọ̀la kọ́, ọ̀túnla, a jọ máa wọ bàálù. Ẹ ò ní padà síbí mọ́. Ó tó gẹ́ẹ́."

Mùráínà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó rí fèrèsé náà. Ó rí ara rẹ̀ tó ń ṣí i láàárọ̀, kó tó ṣàlùwàlá. Ó jẹ́ kó wà lójú rẹ̀ díẹ̀.

"Jẹ́ ká lọ wọ ọkọ̀ ojú omi," ló wí.

"Nísinsìnyí?"

"Èmi àti ìwọ."

"Ìpàdé wà ní aago márùn-ún, sà," ni agbẹjọ́rò wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ," ni Kazeem dá a lóhùn.

Ọkọ̀ gbé wọn dé etí omi ní Bur Dubai. Agbẹjọ́rò dúró sínú ọkọ̀. Àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ onígi kékeré tó ń gbé èrò sọdá sí Deira, tí wọ́n ń pè ní abra. Bẹ́ǹṣì kan gígùn ló wà láàárín rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó yí i ká. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń pariwo. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀.

Mùráínà ti ro ọ̀nà kan láti àná. Ó lè búra pé ọmú kan náà ni àwọn mu. Òótọ́ ni. Ìlú á gbà á, agbẹjọ́rò á kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ bi í nìyẹn. Ọlọ́run gbọ́ ìbéèrè, Ó sì gbọ́ ìdáhùn.

"Mi ò lè búra," ló wí.

Kazeem wò ó. "Ẹ ò lè búra?"

"Mo lè kọ̀ kí n má sọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, wàá rò pé mo kórìíra rẹ. Ìyẹn ni mi ò lè gbà. Màámi ní kí n má sọ fún ọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí."

Ó sọ ọ́ fún un. Kò gùn. Ọmọ tó lo ọjọ́ mẹ́ta. Awa. Ọmú tó kún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn ibùdókọ̀.

Kazeem kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkọ̀ náà kan èbúté Deira. Èrò sọ̀kalẹ̀. Àwọn kò dìde. Ọlọ́kọ̀ wò wọ́n, ó ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. "Yalla, Baba." Mùráínà fún un ní dírámù méjì, ọlọ́kọ̀ gbé èjìká, èrò mìíràn wọlé, ọkọ̀ yí padà.

"Mo ti rin gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà," ni Kazeem wí. "Gbogbo rẹ̀. Mo ti jẹun nílé àwọn tí mi ò lè pe orúkọ wọn dáadáa. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀."

"Ta ló mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí yín? Ìyá arúgbó yẹn mọ ìdajì. Ẹ lè búra, kẹ́ ẹ padà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Mo ti rò ó."

"Kí ló wá dé?"

"Etí mi á gbóná. Gbogbo ìlú mọ etí mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kazeem láìròtẹ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bojú.

"Mi ò ṣàwàdà," ni Mùráínà wí. "Torí pé mi ò mọ irọ́ í pa ni wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ ẹnu mi. Bí mo bá dúró níwájú wọn tí mo sọ ọ́, wọ́n á rí i lójú mi, yóò burú fún ọ ju bí mi ò bá wá lọ. Àti pé mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ìyẹn náà wà níbẹ̀."

Wọ́n dé Bur Dubai. Wọ́n tún sanwó. Wọ́n tún sọdá. Oòrùn ti ń wọ ẹ̀gbẹ́ kan, omi náà ń dán bí páànù tuntun.

"Ta ni mí?" ni Kazeem béèrè.

"Àbúrò mi."

"Yàtọ̀ sí ìyẹn."

"Mi ò mọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn."

Nígbà tí ọkọ̀ tún gbé wọn padà sún mọ́ Bur Dubai, Kazeem ní, "Kí ló ń tà?"

"Ta?"

"Awa."

"Ẹ̀pà. Ẹ̀pà yíyan."

Kazeem mi orí bí ẹni pé wọ́n dá a lóhùn ọ̀rọ̀ ńlá. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Agbẹjọ́rò ti wà létí omi, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé Bàbá ti gbà, sà?"

"Má da Bàbá láàmú. Ó ti rẹ̀ wọ́n."

Kazeem kò dọ̀bálẹ̀. Ó di ọwọ́ Mùráínà mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Mùráínà rò pé bóyá ìgbà ìkẹyìn nìyí. Ó wo ọkọ̀ dúdú náà títí ó fi yà. Ó rìn lọ sí ibùdó metro.

Ọjọ́bọ̀ kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó ti kírun dé, ó ń lọ aṣọ. Ṣẹ́gun jókòó lójú fèrèsé, ó ń ka fóònù rẹ̀ sókè.

"Khalas. Ó ti tán. Kazeem ti yọ ara rẹ̀ kúrò. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ó ní kí àwọn aṣojú òun lọ dìbò fún ẹni tó bá wù wọ́n."

"Ẹni tó ń léwájú?" ni Oyèkọ́lá wí. "Ó ní owó, ó ní èèyàn. Kí ló ká a lọ́wọ́ kò?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ̀, kò wá búra. Àwọn ará ìlú ń bínú. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ni Ààrẹ ìbá ti jáde, ìlara ọkùnrin kan ló bà á jẹ́. Wọ́n ní kó má tẹ ìlú náà mọ́. Irú ẹ̀gbọ́n burúkú wo nìyẹn? Wọ́n ní Dubai níbí náà ló wà, wọ́n ní Mùráí..."

Ó gbé ojú sókè. Ẹ̀rọ ìlọṣọ ń hó díẹ̀díẹ̀. Oyèkọ́lá ṣí aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Bàbá," ni Ṣẹ́gun wí, "ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

Ṣẹ́gun gbé fóònù kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ..."

"O ò mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi lọ búra?"

Mùráínà ká ẹ̀wù tó ń lọ, ó ká apá rẹ̀ kan, ó ká apá kejì.  Ṣẹ́gun kò tún bi í. Láti ọjọ́ náà, wọn kò fi bàtà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó sàn fún un nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Kazeem kò pè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mùráínà kò retí rẹ̀. Ó ń jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó múra sílẹ̀, pé bí àdéhùn iṣẹ́ yìí bá parí, wọn kò ní tún un ṣe, torí ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní ó dáa. Kò mọ ibi tí yóò lọ. Ó wá rí i pé ọdún mẹ́rìnlá yìí, ibi kan wà tó ń dúró de òun, bí òun kò tilẹ̀ lọ. Ní báyìí, kò sí.

Ní ọjọ́ Ẹtì kẹrin, fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Mùráínà jókòó. "Kazeem. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa yín níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún wọn. Mi ò du nǹkan kan mọ́. Kí wọ́n mọ̀, kẹ́ ẹ wálé."

"Rárá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yìí wà níbí. Mo ń bá yín tì í."

"Màámi ní kí ayé má gbọ́. Mo ti já ìlérí yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní já a lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ náà kò sì ní bá mi já a. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á wò ọ́ bí àlejò nínú ilé tí o kọ́. Jẹ́ kí wọ́n máa bú mi. Ó ti mọ́ wọn lára."

Kazeem mí. Mùráínà gbọ́ ìró àkùkọ lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹnìkan tó ń gbálẹ̀. Ó fi fóònù mọ́ etí gírígírí.

"Ibo lo wà?"

"Ẹ̀yìnkùlé Màámi."

"Má tíì kúrò níbẹ̀."

Kazeem kò kúrò. Ó jẹ́ kó gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló béèrè, "Báwo ló ṣe rí? Awa."

Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo, Kazeem á pè láti ẹ̀yìnkùlé, á bi í ní nǹkan kan, Mùráínà á fi ohun tó rántí fún un. Kò ní púpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà lòun í ṣe. Ó ní Awa ga, ó sì tínrín. Ó ní ìka rẹ̀ gùn. Kazeem ní kó tún un sọ. Ó ní eyín rẹ̀ iwájú kán díẹ̀. Ó ní bí ó bá ń yan ẹ̀pà, èyí tó jóná ló máa ń jẹ fúnra rẹ̀, á fi èyí tó pọ́n dáadáa sí òun lọ́wọ́. Ó ní ó máa ń kọrin bí ó bá ń gbálẹ̀. Kazeem ní orin wo. Ó ní òun kò gbọ́ èdè náà.

Oṣù méjì, ohun tó rántí tán. Ó sọ fún un pé ó ti tán. Kazeem ní kò burú. Ó ṣì ń pè.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì, ó pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Mi ò sùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ mi ò ní bi yín mọ́."

"Bi mí."

"Kó tó kú. Ṣé ó rí mi?"

Mùráínà kò sí nínú yàrá náà lóru ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ti gbé e jáde sí ìta agbo ilé, ó fi ìró ìyá rẹ̀ bò ó, wọ́n jókòó lórí igi ìdáná. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Kò bi ìyá rẹ̀ rí, ìyá rẹ̀ kò sì sọ.

Níwájú ilé, wọ́n ti da omi sílẹ̀. Ilẹ̀ ń fà á mu.

"Ó rí ọ," ni Mùráínà wí. "Wọ́n gbé ọ lé e láyà. Ó fi ọwọ́ kan ojú rẹ. Ó wò ọ́ pẹ́."

 Mùráínà ń gbọ́ èémí Kazeem, bó ṣe máa ń gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan, tí ẹ̀rù òkùnkùn bá bà á tó sì sún mọ́ ọn.

"Ó pẹ́?"

"Ó pẹ́ gan-an."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dúró títí fóònù fi dákẹ́. Obìnrin kan láti àjà kejì ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọmọ lé èjìká, àpò ọjà kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mùráínà dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un.